Ẹ Jẹ́ Kí Ojú Òbí Yín Tó Yín: Lẹ́tà sí Àwọn Ọmọ Wa Tó Ń Ṣeré Ìdárayá ní Àgbádárìgì

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kú ìgbìyànjú o. Ọmọ àdúgbò wa kan tí wọ́n mú wálé lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí. Ọmọ ọdún 16 ni. Ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní éjẹ́ǹtì ló mú un gba Sèmè kọjá lóru, ó ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ń retí rẹ̀ ní Lómé. Kò sí ẹgbẹ́ kankan níbì kan. Gáréèjì kan ní Kútọnu ni wọ́n ti rí i, owó ti tán, fóònù ti lọ, bàtà bọ́ọ̀lù nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹja gbígbẹ ní ọjà Agbálátà. Kò fojú kan éjẹ́ǹtì yẹn rí.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn: ọmọ tó ń lọ síbi tí ojú òbí rẹ̀ kò tó.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún bàbá rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní tí àwọn òbí bá ti dá sí i, nǹkan á bàjẹ́." Háà! Ẹni tó ní kí o má sọ fún ìyá rẹ, kí ló fẹ́ fi ọ́ ṣe? Ṣé ó yẹ kí n tún máa bi yín léyìí, ẹ̀yin tí wọ́n bí sẹ́nu ibodè, tí ẹ mọ irú èèyàn tó ń fi òru kọjá?

Nígbà tí mo lọ kí àbúrò mi ní Texas, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń ṣe baseball, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré. Òun ló máa ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó mú igi dání. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, bàbá àti ìyá á kó àga àti kúlà ìrẹsì sẹ́yìn ọkọ̀, ó di ìlú mìíràn. Mo bá wọn lọ. Ìyàwó àbúrò mi kì í pàtẹ́wọ́. Ó jókòó sẹ́yìn wáyà, ó gbé ìwé kékeré lé itan, bí ọmọ bá ti ju bọ́ọ̀lù báyìí, á fa ìlà kan. Mo ní, "Kí lò ń kà?" Ó ní àwọn tó ń darí eré náà ti la iye sílẹ̀: ọmọ ọdún 15 tàbí 16 kò gbọdọ̀ ju bọ́ọ̀lù kọjá ẹ̀ẹ̀márùndínlọ́gọ́rùn-ún lóòjọ́, kí ó tó pé 96 ni kó ti dúró, torí iṣan ìgúnpá lè já. Bó bá sì ti ju bọ́ọ̀lù dé ìgbà 76, ó di ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin.

Lọ́jọ́ náà ó ti sún mọ́ 95, ẹgbẹ́ wọn fẹ́ borí, kóòṣì ní kó máa jù ú lọ. Ìyàwó àbúrò mi dìde. Kò pariwo. Ó mú ìwé náà lọ bá kóòṣì, ó fi ìka tẹ àwọn ìlà náà. Wọ́n yọ ọmọ. Inú bí ọmọ débi pé kò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Lálẹ́, bàbá rẹ̀ ń fi yìnyín tẹ apá rẹ̀, mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ ìgúnpá ti wú. Kóòṣì á rí ọmọ mìíràn fi dípò rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Níbo ni ìyá yẹn ti fẹ́ rí apá mìíràn fún ọmọ rẹ̀?

Ẹ̀yin wá ń sọ pé ojú ń tì yín tí bàbá yín bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ojú ń tì yín! Tí ẹsẹ̀ bá yẹ̀, ṣé éjẹ́ǹtì ni yóò gbé yín lọ sọ́sibítù?

Ẹ tún gbọ́ èyí. Òfin FIFA kò fàyè gba kí ọmọ tí kò tíì pé 18 ṣí lọ sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní orílẹ̀-èdè mìíràn, àyàfi lórí ìdí díẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni pé kí àwọn òbí fúnra wọn kó lọ síbẹ̀ nítorí ohun tí kò kan bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá wá ní kí ọmọ ọdún 16 fi òbí sílẹ̀, kó tẹ̀ lé òun, ẹ ti mọ irú ẹni tó jẹ́.

Kí sì ni ìkánjú gan-an? Gift Ngoepe, ọmọ South Africa, yàrá kan nínú ilé ẹgbẹ́ baseball tí ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ló gbé dàgbà, lójú ìyá rẹ̀. Ọdún 2008 ni Pittsburgh Pirates, ẹgbẹ́ baseball kan ní Amẹ́ríkà, mú un. Ọdún 2017 ló tó wọ Major League, ìdíje baseball tó ga jù ní Amẹ́ríkà, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí nílẹ̀ Áfíríkà tó débẹ̀. Ẹ ka ọdún tó wà láàárín.

Mi ò ní kí ẹ má lọ o. Ẹ há nọ́ńbà ìyá yín sórí, torí fóònù ń sọnù. Ẹ má fi páàsípọ̀ọ̀tù yín sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin òbí, mo mọ̀ pé ọjọ́ ọjà tí èèyàn kò bá tajà, ebi ni. Ẹ dáwó jọ, kí ẹnì kan nínú yín bá gbogbo àwọn ọmọ lọ síbi ìdíje ní Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn, kó sì lajú sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọmọ tí wọ́n bá fún níwèé àdéhùn, kó má fọwọ́ sí i. Kó mú un wá bá mi nílé ní Ajara lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ká jọ kà á. Kí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e wá o. Ọmọ tó bá dá wá, mi ò ní ṣílẹ̀kùn fún un.

Èmi ni bàbá yín,
Àgbádárìgì.