Ẹ yé fi ará ilé aláìsàn ṣe oníṣẹ́ láàárín wọ́ọ̀dù àti tíátà

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi l'Abẹ́òkúta níbí, ara ẹ̀ ti yá, a dúpẹ́, mi ò sì ní dárúkọ ọsibítù yẹn. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ alẹ́ mọ̀ pé ara ìyàwó wa ò gba pẹnisílíìnì, èyí tó gbaṣẹ́ láàárọ̀ ò gbọ́ nǹkan kan, àfi ìgbà tí ìyá ẹ̀ pariwo lẹ́nu ọ̀nà tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, pé ẹ jọ̀ọ́, wọn kì í fún un o! Tí màmá bá ti lọ ra omi ńkọ́? Wọ́n tún wá ń bi èmi tí mò ń ta àdìrẹ n'Ítòkú bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dé tíátà. Èmi!

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn àwọn nọ́ọ̀sì tí ò tíì jápa, ẹ má bínú sí mi. Àmọ́ kí ẹni tó ń gbé aláìsàn sílẹ̀ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀ fún ẹni tó ń gbà á ò gbówó lórí.

Láti 2008 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti gbé ìwé àyẹ̀wò kan jáde tí wọ́n á máa kà sókè ní tíátà, ohun 19 ló wà nínú ẹ̀: kí wọ́n tó kun èèyàn lóorun, kí ọ̀bẹ tó kàn án, kó tó kúrò níbẹ̀. Orúkọ ẹ̀, ibi tí wọ́n fẹ́ là, nǹkan tí ara ẹ̀ kọ̀, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀. Ìlú 8 ni wọ́n ti dán an wò, èsì ẹ̀ jáde ní 2009, àwọn tó ń kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ já wálẹ̀ láti 1.5% sí 0.8%, Ifakara ní Tanzania sì wà lára àwọn ìlú yẹn, ẹ má sọ pé ti òyìnbó nìkan ni.

Ṣùgbọ́n inú tíátà ni ìwé yẹn ti bẹ̀rẹ̀, wàhálà tiwa ti ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó débẹ̀. Ẹni tó gbé aláìsàn wá ò gbọdọ̀ fi trọ́lì sílẹ̀ kó máa lọ, kó kọ́kọ́ sọ ìgbà tó jẹun kẹ́yìn, oògùn tó lò láàárọ̀, bóyá wọ́n ti buwọ́ lùwé, bóyá ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀, kí ẹni tó ń gbà á tún gbogbo ẹ̀ sọ padà létí aláìsàn fúnra ẹ̀, torí wọn ò tíì kùn ún lóorun nígbà yẹn, òun náà lè ní rárá. Kì í ṣe kí wọ́n kàn fóònù pé "ó ti ń bọ̀ o".

Kí àwọn tó wà nídìí ètò ìlera l'Ókè-Mọsàn, ibi tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn wà, fi dandan lé e, ní ọsibítù ìjọba àti ti àdáni, kí wọ́n sì máa lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà tíátà láìsọ tẹ́lẹ̀ láti wò ó.

Èmi ni,
Aláàdìrẹ kan, Ìtòkú, Abẹ́òkúta.