Lẹ́tà sí Àyìnlá lórí ibi tí ó yẹ kí ó ti máa jẹun ní ìlú Bath

Àyìnlá ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí ọ kú ìfaradà òtútù tó ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ Àìkú tí a ti sọ̀rọ̀ lórí fóònù ni ohun tí o sọ ti ń dùn mí lọ́kàn, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni o ti ń se Indomie nínú yàrá rẹ ní Claverton Down, níbi tí yunifásítì rẹ wà, nítorí pé ìgbà kan ṣoṣo tí o jẹun nígboro, ẹ̀gbẹ́ ilé ìwẹ̀ àwọn ará Róòmù ni o ti jẹ ẹ́, owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ pọ̀, oúnjẹ náà kò sì yó ọ. O wá sọ pé kò sí oúnjẹ ní ìlú Bath. Bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ mi. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú yẹn kí èmi àti bàbá rẹ tó kó wá sí London, mo ṣì máa ń padà lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún, mo sì fẹ́ kí o fara balẹ̀ ka ohun tí mo kọ yìí.

Kọ́kọ́ mọ̀ pé àlejò ni ó sọ Bath di ohun tó dà. Omi gbígbóná ń sun láti inú ilẹ̀ níbẹ̀, ooru rẹ̀ tó ìwọ̀n 46 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tó sì ń tú jáde lójúmọ́ ju mílíọ̀nù kan lítà lọ. Nítorí omi yìí ni àwọn ará Róòmù ṣe kọ́ ilé ìwẹ̀ àti tẹ́ńpìlì síbẹ̀, tí wọ́n sì pe ibẹ̀ ní Aquae Sulis. Nítorí rẹ̀ náà ni àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń rọ́ lọ síbẹ̀ láàárín ọdún 1700 sí 1800, tí wọ́n ń wẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ń mu ún bí oògùn, tí wọ́n sì ń ṣe fàájì. Ìlú tó bá ti ń gba àlejò pẹ́ tó báyìí, oríṣi ìkòkò méjì ni ó máa ń wà lórí iná rẹ̀: èyí tí wọ́n ń sè fún ẹni tó ń kọjá lọ, tí wọn kò retí pé yóò padà wá, àti èyí tí wọ́n ń sè fún ẹni tí wọn yóò tún rí ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìdí ìkòkò àkọ́kọ́ ni o jókòó sí lọ́jọ́ náà. Ìwọ kì í sì í ṣe àlejò mọ́. Ọdún mẹ́ta ni ìwọ yóò lò níbẹ̀, nítorí náà, lọ jẹun níbi tí àwọn ará ìlú ti ń jẹun.

Èmi kò sọ pé kí o sá fún gbogbo ibi tí àlejò ń lọ o. Ibi méjì wà tí mo fẹ́ kí o dé lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán, nítorí pé ìtàn ìlú náà wà nínú oúnjẹ wọn. Èkíní ni Pump Room, gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n parí ní ìparí àwọn ọdún 1700, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwẹ̀ náà gan-an. Òwúrọ̀ ni kí o lọ, nígbà tí àwọn olórin bá ń ta gòjé, tí wọ́n ń tẹ dùùrù, kí o mu tíì, kí o sì tọ́ omi náà wò. Ife kékeré ni wọ́n ń fi bu ún. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́, ó ń rùn fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyin bíbọ̀, ó sì máa ń fi adùn irin sílẹ̀ lẹ́nu bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ahọ́n kan ṣíbí tó ti dógùn-ún. Oríṣi ohun àlùmọ́nì 43 ni wọ́n ní ó wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ mu ún, Ìkògòsì ni ó sọ sí mi lọ́kàn, níbi tí bàbá mi mú wa lọ nígbà èwe mi, tí omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ àti omi tútù ti ń pàdé ara wọn. Kò sì yà mí lẹ́nu mọ́ pé odindi ìlú dìde nítorí ìsun omi kan.

Ìkejì ni ilé Sally Lunn ní North Parade Passage. Ilé náà ti wà láti nǹkan bí ọdún 1482, ìtàn tí àwọn onílé sì ń sọ ni pé ọmọbìnrin kan tó sá kúrò ní ilẹ̀ Faransé nítorí inúnibíni ẹ̀sìn ni ó mú búrẹ́dì náà wá síbẹ̀ ní 1680. Yálà bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, búrẹ́dì náà dára. Ó tóbi bí àwo, ó rí róbótó, inú rẹ̀ fúyẹ́, ó rọ̀, ó ní ẹyin àti bọ́tà, ṣùgbọ́n kò dùn bíi kéèkì. Ìlàjì ni wọ́n máa ń gbé fún ènìyàn. Ìlàjì òkè ni wọ́n ń fi jáàmù tàbí bọ́tà olóorùn kinamọ́nì sí. Ìlàjì ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé ẹran àti ọbẹ̀ lé. Gba ìmọ̀ràn mi, ìlàjì ìsàlẹ̀ ni kí o bèèrè, nítorí pé bí ọbẹ̀ ẹran bá ti wọ inú rẹ̀ tán, ó ń ṣe ènìyàn bí ẹni tó fi òkèlè gbá ìdí àwo. Lẹ́yìn náà, sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ ilé. Ẹni tó bá jẹun níbẹ̀ kì í san owó láti wo ilé ìdáná àtijọ́ tó wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ibi méjèèjì yìí, máa wo aago kí o tó wo orúkọ ilé oúnjẹ, nítorí pé aago ni àṣírí ìlú yẹn. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ tí iye owó wọn ń bani lẹ́rù ní alẹ́ ni ó máa ń ní oúnjẹ ọ̀sán tí wọ́n ti dá iye lé, àwo méjì tàbí mẹ́ta, tí iye rẹ̀ kò sì pọ̀ rárá. Àwọn tó wà nítòsí Theatre Royal náà a máa ṣe irú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ fún àwọn tó fẹ́ lọ wo eré. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe bíi tiwa, níbi tí olóńjẹ ti máa ń bu oúnjẹ títí ìkòkò yóò fi gbẹ. Bí ó bá ti kọjá aago méjì ààbọ̀ tàbí mẹ́ta, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti pa iná ìdáná, wọn kò sì ní tàn án mọ́ títí di aago mẹ́fà. Ẹni tó bá débẹ̀ ní aago mẹ́rin tí ebi ń pa, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta oúnjẹ fún àlejò ni yóò balẹ̀ sí.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi fún ọ. Ní oṣù kejì tí mo dé Bath, mo wọ ilé oúnjẹ kan tí n kò ní dárúkọ. Agbáwo bi mí irú omi tí mo fẹ́, ojú tì mí láti sọ pé omi ẹ̀rọ, mo ní kí ó gbé èyíkéyìí wá. Ìgò méjì ni ó gbé wá. Nígbà tí ìwé owó dé, owó omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ẹja tí mo jẹ, wọ́n sì ti fi owó iṣẹ́ agbáwo kún un nísàlẹ̀, tí n kò mọ̀ pé mo lè bèèrè kí wọ́n yọ ọ́. Mo sanwó, mo sì fi ẹsẹ̀ rin lọ sílé nínú òjò. Òfin ti wá wà nísinsìnyí pé ibi tó bá ní ìwé àṣẹ láti ta ọtí fún ẹni tó ń mu ún níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fún oníbàárà ní omi ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́ bí ó bá bèèrè. Bèèrè rẹ̀ láìtijú. Ní ti owó agbáwo, bí wọ́n bá tọ́jú rẹ dáadáa, fi sílẹ̀, nítorí pé òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ti sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo rẹ̀ dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Bí wọn kò bá tọ́jú rẹ, fi ọ̀wọ̀ sọ pé kí wọ́n yọ ọ́.

Èyí tó kàn yìí ni kí o mú ní ọ̀kúnkúndùn jù lọ: ọ̀rọ̀ edé. O mọ bí ojú rẹ ṣe wú nígbà tí o jẹ ẹ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ àǹtí rẹ. Edé àti akàn wà lára ohun 14 tí òfin ní kí gbogbo ilé oúnjẹ lè sọ fún oníbàárà bóyá ó wà nínú oúnjẹ wọn. Sọ fún wọn kí o tó jókòó, kí o sì tún un sọ nígbà tí o bá ń yan oúnjẹ. Bí o bá lọ jẹ ẹja àti pòtétò díndín, bíi ní Scallop Shell ní Monmouth Place, tí mo fẹ́ràn gan-an, má ṣe bèèrè nípa ẹja nìkan. Bèèrè bóyá òróró tí wọ́n fi din edé ni wọ́n tún fi ń din ẹja. Bákan náà ni oúnjẹ àwọn ará Thailand àti Vietnam, tí edé lílọ̀ lè wà nínú ọbẹ̀ tí o kò rí edé kankan lójú rẹ̀.

Ní ti ibi tí àwọn ará ìlú ń lọ, bẹ̀rẹ̀ láti Green Park. Ibùdókọ̀ ojú irin ni ó jẹ́ títí di 1966, ọdún kan náà tí yunifásítì rẹ gba ìwé àṣẹ. Láràárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni àwọn àgbẹ̀ ń pàtẹ ọjà wọn sábẹ́ òrùlé gíga ibẹ̀, ọjà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1997, tí wọ́n sì kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó dá wàrà ni yóò gé e fún ọ fúnra rẹ̀. Bá wọn sọ̀rọ̀, bèèrè ibi tí àwọn fúnra wọn ti ń jẹun. Ibẹ̀ ni èmi ti kọ́ gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ìlú náà. Àwọn ni wọ́n júwe Yak Yeti Yak fún mi, ilé oúnjẹ àwọn ará Nepal ní abẹ́ ilé kan ní Pierrepont Street, níbi tí ènìyàn ti lè jókòó sórí tìmùtìmù nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí ata wọn sì jẹ́ ata gidi. Àwọn náà ni wọ́n júwe Raven ní Queen Street, tí páì ẹran rẹ̀ gbóná, tó kún, tó sì wúwo nínú àwo.

Mo mọ̀ pé ilé ọtí ni Raven, mo sì mọ ohun tí a kọ́ ọ nílé. Ṣùgbọ́n ilé ọtí àwọn òyìnbó kò rí bí èyí tí bàbá àgbà rẹ ń kìlọ̀ nípa rẹ̀. Ìdílé pẹ̀lú ọmọ wẹ́wẹ́ àti arúgbó ni ó ń kún ibẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, tí wọ́n ń jẹ ẹran màlúù yíyan, pòtétò, àti ohun kan tó wú bí àkàrà tí wọ́n ń pè ní Yorkshire pudding. Lẹ́yìn ìsìn, kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lọ síbẹ̀, mu omi ọsàn rẹ, ẹnikẹ́ni kò ní bi ọ́ léèrè. Ẹ tètè gba àyè sílẹ̀, nítorí pé oúnjẹ ọjọ́ Àìkú a máa tán. Lọ́jọ́ tí ọkàn rẹ bá sì fà sí oúnjẹ ilé, wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Bristol, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lọ, kí o ra èlùbọ́ àti ata ní Stapleton Road.

Olive Tree tí o bèèrè nípa rẹ̀, ilé oúnjẹ tó wà lábẹ́ òtẹ́ẹ̀lì Queensberry, tó gba ìràwọ̀ Michelin, àmì ẹ̀yẹ ńlá fún ilé oúnjẹ, ní 2018, ó di ọjọ́ tí o bá gboyè. Bàbá rẹ ti ń tọ́jú owó rẹ̀.

Èmi yóò wọ ọkọ̀ wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kejì nínú oṣù tó ń bọ̀. Green Park ni kí a ti pàdé ní aago mẹ́wàá. Bá wa gba àyè ènìyàn méjì sílẹ̀ ní ilé Sally Lunn fún aago méjìlá ààbọ̀, kí o sì sọ ọ̀rọ̀ edé fún wọn lórí fóònù kí n tó dé, kí n lè gbọ́ bí o ṣe sọ ọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ