Ẹ Sọ Bí Òkè Ṣe Pọ̀ Tó, Kìlómítà Nìkan Ò Tó

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá.

Inú mi dùn gan-an pé ẹ ti ń fún àwa tí à ń gun kẹ̀kẹ́ láyè nínú ìwé ìròyìn yín, pàápàá àwa tí à ń gun kẹ̀kẹ́ gravel, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́, tó jẹ́ pé ọ̀nà inú ìgbèríko, láàrin òkè, níbi tí mọ́tò kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà, la fẹ́ràn jù. Àmọ́ nǹkan kan wà tó ń dùn mí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá wa tún ṣe. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ti júwe ọ̀nà kan, iye kìlómítà ẹ̀ nìkan lẹ máa ń sọ, ẹ ó ní 60 kìlómítà ni, ó rẹwà, ó dákẹ́ rọ́rọ́, ó tán. Ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn ò tó. Kí èèyàn sọ kìlómítà láì sọ òkè, ó dà bíi kí wọ́n sọ fún alágbàárù pé ibi tó ń lọ ò jìn, kí wọ́n wá fi bí ẹrù ṣe wúwo tó pa mọ́ fún un.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Lórí títì ọlọ́dà tó tẹ́jú, ẹni tára ẹ̀ le díẹ̀ lè máa sá 25 kìlómítà ní wákàtí kan, 60 kìlómítà ò ní gbà á tó wákàtí méjì ààbọ̀. Ẹ wá gbé ẹni kan náà lọ sórí ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ro gbogbo mítà téèyàn máa fi gòkè níbẹ̀ pọ̀ ó tó 1,500, tó bá lè sá 12 kìlómítà ní wákàtí kan ó gbìyànjú, ìyẹn ti di wákàtí márùn-ún, a ò tíì ka ìgbà tó dúró mu omi, ìgbà tó pọ́ńpù táyà, ìgbà tó dúró sí oríta tó ń wo máàpù. Ẹni tó gbéra lọ́sàn-án pé òun á ti délé kílẹ̀ tó ṣú, inú òkùnkùn lọ́nà tí kò síná ló máa bá ara ẹ̀, fóònù ò sì ní mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì torí òkè ti dí i lọ́nà.

Ẹ tún jọ̀ọ́, ẹ máa sọ ibi tí òkè ẹ̀ ti le jù láti gùn. Kéèyàn fi 100 mítà ga sí i láàrin kìlómítà kan ṣoṣo, 10 péséǹtì nìyẹn, lórí ọ̀dà ẹ lè dìde dúró lórí pẹ́dàlì kẹ́ ẹ fi agbára gbé e lọ, ṣùgbọ́n lórí òkúta wẹ́wẹ́ bẹ́ ẹ bá ṣe dìde báyìí ni ìwúwo yín á kúrò lórí táyà ẹ̀yìn, táyà á wá máa yí lásán lójú kan, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ dandan. Ìdí nìyẹn tá a fi ń jókòó, ká tẹ̀ síwájú díẹ̀, ká wá lo gíà tó fúyẹ́ jù lọ, èyí tí eyín tiwájú kéré sí tẹ̀yìn, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ á ti yí po tán kí táyà tó yí po. Ẹni tí kẹ̀kẹ́ ẹ̀ ò ní irú gíà yẹn, títì ló máa ti kẹ̀kẹ́, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀ rárá. Lọ́dún 1910 tí Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá nì, kọ́kọ́ gba orí òkè Tourmalet kọjá ní ilẹ̀ Faransé, òkè tó ga ju 2,100 mítà lọ, ọ̀nà eléruku ni nígbà yẹn, kò sí ọ̀dà, Octave Lapize tó gba ipò kìíní lọ́dún yẹn náà sọ̀ kalẹ̀ ó fẹsẹ̀ rìn, ó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹ̀.

Irú ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ náà ńkọ́? Ilẹ̀ tó ti kì dáadáa, táyà 38 mílímítà ti tó o, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òkúta ńláńlá tí kò dúró lójú kan, àfi 45 sókè. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ náà, ẹni tó bá fẹ́ táyà le gbandi bíi ti orí títì, gbogbo òkúta ló máa máa ta kẹ̀kẹ́ ẹ̀ sókè, nígbà tó jẹ́ pé bí 30 sí 40 psi (òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú táyà) ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò, kí táyà lè rọ̀ mọ́ òkúta kó sì di ilẹ̀ mú. Tó bá sì jẹ́ amọ̀ ni, ẹ sọ pé amọ̀ ni! Lẹ́yìn òjò ńlá, amọ̀ á dí àárín táyà àti férémù, kẹ̀kẹ́ ò ní yí mọ́, ipa táyà á sì wá di kòtò tí omi ń gbà, á ba ọ̀nà jẹ́ fáwọn tó ń gbébẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sísọ̀ kalẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù torí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ rò pé ibẹ̀ ni ìsinmi wà. Bí èèyàn bá fi 1,000 mítà gòkè, òtútù ibẹ̀ á fi nǹkan bíi 6 dígírì ju ti ìsàlẹ̀ lọ, èèyàn á dé òkè pẹ̀lú òógùn lára, á wá kọjú sí atẹ́gùn, ọwọ́ á kú, ọwọ́ tó ti kú ò sì lè fa bíréékì dáadáa. Ẹ bá wa kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n mú jákẹ́ẹ̀tì dání bó ti wù kí oòrùn mú tó nísàlẹ̀, kí wọ́n fa bíréékì kí wọ́n tó wọ kọ́ọ̀nà, kì í ṣe inú kọ́ọ̀nà, torí màlúù tàbí àgùntàn lè wà lẹ́yìn ẹ̀. Àti ibi tómi wà kẹ́yìn, àti ibi téèyàn lè gbà já sí títì tó bá rẹ̀ ẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ pé kẹ́ ẹ má tiẹ̀ kọ nípa àwọn ọ̀nà yìí mọ́ rárá, pé èrò á pọ̀, ìdákẹ́rọ́rọ́ á sì lọ. Ó yé mi. Èmi náà fẹ́ràn kí n máa gbọ́ ìró òkúta lábẹ́ táyà àti ohùn ẹyẹ nìkan. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọn ò sọ òótọ́ ọ̀nà fún, òun gan-an làwọn ará abúlé máa ń jí dìde lóru lọ wá. Ẹni tó mọ ohun tó ń lọ bá, á tètè gbéra, á kí àwọn tó bá pàdé, á ti géètì bó ṣe bá a, á sì bá tiẹ̀ lọ.

Kò tiẹ̀ nira. Áàpù máàpù ló máa ń ṣírò mítà òkè fúnra ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí ọ̀kan sọ lè yàtọ̀ sí ti èkejì, nítorí náà "bíi 1,500" ti tó, ẹ má wulẹ̀ kọ 1,487. Ìlà mẹ́rin péré lábẹ́ àwòrán: mítà òkè, irú ilẹ̀, omi, ọ̀nà àbáyọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹni tó máa bá yín yẹ àwọn èyí tẹ́ ẹ ti kọ tẹ́lẹ̀ wò, mo ṣe tán.

Èmi ni tiyín,
Agunkẹ̀kẹ́ kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín