Lẹ́tà láti inú dáńfó mi

Durness,
Àríwá Skọ́tlándì.
Ọjọ́ 14, oṣù kẹfà, 2025.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? Mo mọ̀ pé o ti ń bínú. Ìgbà mẹ́ta lo pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá tí kò wọlé. Mi ò pa fóònù o, ibi tí mo wà ni nẹ́tíwọọ̀kì kò dé. Aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá báyìí, síbẹ̀ mi ò tíì tanná tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, nítorí ilẹ̀ kì í tètè ṣú níbí lásìkò yìí. Òkun wà níwájú mi, àgùntàn wà lẹ́yìn mi, kantíkantí sì kún gbogbo ibi tó kù, wọ́n ń retí kí n ṣí fèrèsé.

Òótọ́ ni ohun tí o gbọ́. Inú ọkọ̀ ni mò ń gbé, oṣù kẹrìnlá rèé. Wọn ò lé mi níbi iṣẹ́, orí mi ò dàrú, ọkùnrin kankan ò sì kọ̀ mí sílẹ̀ (mo mọ̀ pé ìyẹn lo kọ́kọ́ rò). Volkswagen Transporter ni, ọmọ ìyá dáńfó tí kọ̀ńdọ́ ń so rọ̀ mọ́ lẹ́nu ọ̀nà l'Ékòó. Èrò là ń fi kó nílé. Níbí, àwọn òyìnbó ń fi owó gọbọi rà á kí wọ́n lè sùn nínú rẹ̀. Káfíńtà kan ló lo tèmi kó tó kàn mí. £8,500 ni mo rà á.

O ní kí ló dé. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé London, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni mo kó ẹrù. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, onílé tún ní òun fẹ́ ta ilé, ó fún mi lóṣù méjì. Mo jókòó lórí àpótí ẹrù, mo ṣírò owó ilé tí mo ti san láti ọjọ́ tí mo ti dé. Ó lé ní £100,000. Àbẹ̀kẹ́, fún yàrá tí mi ò kì í sí níbẹ̀! Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe. Bí mo bá dé láàárọ̀, màá sùn fún wákàtí márùn-ún, màá tún jáde. Mi ò sunkún nígbà tí mo rí iye yẹn. Ẹ̀rín ló pa mí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì náà ni mo ṣì ń ṣe o: màá ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ní Inverness, ìlú kan ní Skọ́tlándì níbí, wákàtí méjìlá méjìlá, lẹ́yìn náà màá gbé ilé mi, ó di ọ̀nà.

Ìwọ àti èmi sì ti gbé irú ayé yìí rí. Rántí yàrá wa ní họ́sítẹ́ẹ̀lì: bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin, èèyàn mẹ́sàn-án, sítóòfù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìdajì bọ́kẹ́ẹ̀tì omi fún ìwẹ̀. Ní báyìí sólà wà lórí òrùlé mi, bátìrì wà lábẹ́ ìjókòó, pẹ̀lú ìnfátà kékeré kan. Kí ló fi yàtọ̀ sí tìrẹ ní Bódìjà? Ìwọ lò ń wa omi ara rẹ, ìwọ lò ń fún ara rẹ níná, ìwọ lò ń pe ọkọ̀ tó ń fa ẹ̀gbin. Àwọn òyìnbó tí mò ń pàdé lójú ọ̀nà á ní àwọn ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń gbé láì gbára lé ìjọba. Mo kàn ń mi orí ni. (Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àpótí kan ni, mo sì ń lọ dà á níbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Má bi mí jù bẹ́ẹ̀ lọ.)

Oúnjẹ ni ká sọ. Bí mo bá fẹ́ ro àmàlà, ilẹ̀ ni mò ń gbé ìkòkò sí, màá fi ẹsẹ̀ méjèèjì há a bíi tàwọn ìyá àgbà. Irú mi wà nínú ike, ike wà nínú ọ̀rá, ọ̀rá wà nínú ike mìíràn, síbẹ̀ bí mo bá ṣílẹ̀kùn, ajá tó bá wà nítòsí á dìde dúró.

Lọ́jọ́ òtútù, omi ló fẹ́ lé mi kúrò. Èémí èèyàn kan ṣoṣo àti oru ìkòkò á di omi lára irin ọkọ̀, á máa kán sí mi lójú lóru. Nígbà tó fi di oṣù kìíní, abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì ti bu. Mo tú pákó inú ọkọ̀ palẹ̀, mo tún un tò, mo fi fáànù kékeré tó ń fa atẹ́gùn jáde sórí òrùlé. Mo so ẹ̀rọ tó máa ń ké bí èéfín búburú bá wà nínú ọkọ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìròyìn àwọn tí jẹnẹrétọ̀ pa sójú oorun kò ní fi ìyẹn ṣeré.

Ṣé ẹ̀rù ń bà mí? Ó ń bà mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kọ imú ọkọ̀ sí títì, tí mi ò sì ń gbé nǹkan kan sórí àga awakọ̀, kí n lè ti orí bẹ́ẹ̀dì bọ́ síbẹ̀ kí n ṣáná sí i. Ní ìlú kan tí mi ò ní dárúkọ, ẹnì kan fi ìwé há wáípà mi, ó ní ibẹ̀ kì í ṣe ibùdó àwọn aláìnílé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Ó dùn mí, nítorí ohun tí Màámi máa sọ gan-an nìyẹn.

Ọ̀nà tí mò ń gbà yìí, North Coast 500 ni wọ́n ń pè é: 516 máìlì, láti Inverness yí ká padà sí Inverness. Ibi púpọ̀ wà níbẹ̀ tí ọkọ̀ kan ṣoṣo lè gbà. Bí ọkọ̀ méjì bá pàdé, ọ̀kan á yà, èkejì á juwọ́ kí i. Ní Mókọ́lá ńkọ́? Àwọn ará abúlé ń ráhùn pé àwa onílé-orí-táyà ti pọ̀ jù láti 2015 tí wọ́n ti ń polówó ọ̀nà náà, wọn ò sì parọ́. Òkè kan wà tí à ń pè ní Bealach na Bà, Ọ̀nà Màlúù ni ìtumọ̀ rẹ̀, ó ga tó mítà 626. Wọ́n gbé àkọlé sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé kò dáa fún ẹni tó ń kọ́ mọ́tò àti ọkọ̀ tó tóbi jù. Mo wo àkọlé, mo wo ọkọ̀ mi, mo gba ọ̀nà tó yí po.

Màámi ò tíì mọ̀. Bí a bá ń pe ara wa lórí fídíò, iwájú kọ́tìnnì ni mò ń jókòó sí. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, gbogbo ilé rẹ kọ́tìnnì ni?" Wọ́n ń retí kí n wá fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́, pé ẹgbẹ́ mi ti ń kọ́lé. Wọ́n ní bí àwọn bá kú, níbo ni n ó ti gba àlejò? Mi ò rí èsì fún ìyẹn di bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí.

Nítorí náà, bí o bá lọ sílé lóṣù tó ń bọ̀, jọ̀wọ́ yà lọ́dọ̀ wọn. Fọ́tò mẹ́fà ni mo fi sínú lẹ́tà yìí. Má fi ti ọkọ̀ ṣáájú. Kọ́kọ́ fi ìkòkò hàn wọ́n, lẹ́yìn náà bẹ́ẹ̀dì tí mo tẹ́ aṣọ òkè wọn sí, lẹ́yìn náà òkun. Èyí tí táyà ti hàn ni kó o fi kẹ́yìn. Bí wọ́n bá sunkún, pè mí. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, pè mí kíákíá. Bí ó bá wọlé tàbí kò wọlé, máa pè.

Irú mi sì ti ń tán lọ.

Èmi ni tìrẹ,
Àṣàkẹ́