Ẹ Má Jẹ́ Kí Owó Ilé Ọlọ́run Sùn Nínú Àkáǹtì Yín

Ẹ̀yin ọmọ mi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Òṣogbo,

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o. Ẹ kú ọdún tó kọjá, ẹ kú ìfaradà rẹ̀. Iṣẹ́ pọ̀ nínú ọdún tí a jọ ṣe yìí, ẹ ò sì sá fún un. Ẹ̀yin lẹ ń gbálẹ̀ ilé Ọlọ́run láàárọ̀ Sátidé kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó jí. Nígbà tí òrùlé yàrá àwọn ọmọdé ń jò, abẹ́ igi máńgòrò lẹ kó wọn lọ, ẹ ò jẹ́ kí ẹ̀kọ́ Bíbélì wọn dúró. Ẹ ru ìrẹsì àti epo lọ fún àwọn opó wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ sì jókòó tì wọ́n, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Àwọn tó dùbúlẹ̀ àìsàn nílé ìwòsàn UNIOSUN ṣì ń bi mí pé, "Bàbá, àwọn ọmọ yẹn dà?" Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí yín. Orúkọ yín ló ń ṣáájú nínú àdúrà mi.

Ọpẹ́ nìkan ni ì bá kún lẹ́tà yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ wa tó jẹ́ akápò ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ò jẹ́ kí oorun kùn mí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rìn, torí ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu yín yàtọ̀ sí i. Ẹ ń pè é ní olè. Olè kọ́ ló bá dé ìdí owó náà.

Owó ìkórè wọlé lọ́jọ́ Àìkú, báǹkì ò ṣí. Àwọn ará tó wà l'Ékòó àti Ìbàdàn fẹ́ fi tiwọn ránṣẹ́ lórí fóònù, nọ́ńbà àkáǹtì ìjọ ò sí nítòsí, ó ní kí wọ́n san án sí tòun, òun á kó o fún ìjọ bó bá di ọjọ́ Ajé. Ó tún kó owó tí a kà lórí tábìlì lọ sọ́dọ̀ oní-POS, ó fi í sínú àkáǹtì kan náà, kó má baà gbé owó púpọ̀ sùn nílé. Ọjọ́ Ajé dé, iṣẹ́ gbà á lọ́kàn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, báǹkì yọ lára owó náà, nítorí gbèsè tó ti wà lọ́rùn rẹ̀ ní báǹkì mìíràn. Ẹ̀rù bà á, kò sọ fún ẹnì kankan. Ó fẹ́ dá a padà kí a tó béèrè, ló bá wọ tẹ́tẹ́ orí fóònù. Ìyókù owó ìkórè gba ibẹ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ò mọ̀ pé báǹkì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa ti gbé ètò náà kalẹ̀: bí o bá yá owó tí o ò san án lásìkò, báǹkì tó yá ọ lówó lè gba owó rẹ̀ nínú àkáǹtì rẹ tó wà ní báǹkì mìíràn, torí BVN kan ṣoṣo ló so gbogbo wọn pọ̀. Ẹ̀rọ ló ń ṣe é. Ẹ̀rọ ò mọ owó ìkórè yàtọ̀ sí owó oṣù. Bí orúkọ rẹ bá ti wà lórí àkáǹtì, tìẹ ni gbogbo owó inú rẹ̀ lójú báǹkì. Ẹ má sì sọ pé ẹ̀yin ò jẹ gbèsè. Bí ẹlẹ́mìí bá gba ẹ̀mí ẹni tó ni àkáǹtì, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, báǹkì á tì í pa títí ẹbí á fi gba ìwé nílé ẹjọ́. Ta ni yóò lọ bá opó tó wà nínú ọ̀fọ̀ pé owó ìjọ wà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀?

Ẹ má jẹ́ kí owó ilé Ọlọ́run sùn nínú àkáǹtì yín. Ì báà jẹ́ òru ọjọ́ kan.

Mo mọ ibi tí àṣà yìí ti gbilẹ̀ láàárín wa. Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000, tí owó ọwọ́ wọ́n bí ojú. Igbá ọrẹ ń padà lófìfo, àwọn èèyàn sì fẹ́ fi fún Ọlọ́run, fóònù nìkan ló ṣẹ́ kù. Ẹnì kan á gbé nọ́ńbà tirẹ̀ sílẹ̀ fún owó ìsìnkú, ẹlòmíràn fún aṣọ akọrin, ẹlòmíràn fún epo ọkọ̀ ìjíhìnrere. Ọ̀wọ́n owó lọ, àṣà ò lọ. Títí di òní, bí a bá fẹ́ dáwó lórí WhatsApp, orúkọ ènìyàn ni mo máa ń rí lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn àgbà ìjọ tí a bá nílẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àpótí igi ni wọ́n ní, ojú kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà lára rẹ̀. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ akápò, èkejì wà lọ́wọ́ bàbá ìjọ, àwọn méjèèjì kì í sì í gbé àdúgbò kan. Orí ẹní ni wọ́n ń da owó sí, sílè lọ́tọ̀, kọ́bọ̀ lọ́tọ̀. Màmá kan wà nínú wọn tí kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà. Òkúta wẹ́wẹ́ ló fi ń ka ìdì owó: ìdì kan, òkúta kan, á tò wọ́n sí etí ẹní. Bí iye òkúta màmá bá yàtọ̀ sí iye tó wà nínú ìwé akọ̀wé, kò sẹ́ni tó ń sọ pé òpè ni. Gbogbo wọn á tún un kà látìbẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 1907 tí ọkọ̀ ojú irin ti dé Òṣogbo nìlú yìí ti jẹ́ ìlú òwò, àwọn tó sì ń mú ọrẹ wá, láti Ìgbọ̀nà àti Ọjà Ọba, wọ́n mọ owó kà. Wọ́n mọ iye tí wọ́n mú wá.

Ọ̀kan nínú yín dá mi lóhùn lẹ́yìn ìpàdé pé, "Bàbá, a fọkàn tán an ni." Ó tún ṣí 2 Àwọn Ọba 12:15 fún mi, níbi tí wọn kò ti bá àwọn tó gba owó iṣẹ́ tẹ́ńpìlì ṣírò, nítorí olóòótọ́ ni wọ́n. Ó dára. Kí ló dé tí ẹ fo ẹsẹ̀ 9 àti 10? Jèhóíádà àlùfáà lu ihò sí ìdérí àpótí, ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ ló gbé e sí, níbi tí gbogbo ojú ti ń rí i. Nígbà tí owó pọ̀ nínú rẹ̀, akọ̀wé ọba àti olórí àlùfáà ló jọ gòkè wá, àwọn méjèèjì ló dì í, tí wọ́n sì kà á, kó tó dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ilé ọba lẹnì kan ti wá, ilé Ọlọ́run lẹnì kejì ti wá. Ẹ̀yin wá fẹ́ gba ìparí, ẹ ò fẹ́ gba ìbẹ̀rẹ̀! Ẹ wo Ẹ́sírà orí 8. Ó gbé 650 tálẹ́ńtì fàdákà lé àwọn àlùfáà lọ́wọ́. Ó wọ̀n ọ́n fún wọn kí wọ́n tó gbéra, wọ́n tún un wọ̀n lọ́jọ́ kẹrin tí wọ́n dé Jerúsálẹ́mù, wọ́n kọ gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Àwẹ̀ ni Ẹ́sírà gbà kó tó kó owó yẹn rìn, síbẹ̀ ó gbé òṣùwọ̀n. Pọ́ọ̀lù pàápàá ò dá nìkan gbé owó àwọn aláìní. Arákùnrin tí àwọn ìjọ yàn ló bá a rìn, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀sùn kà sí wọn lọ́rùn, 2 Kọ́ríńtì orí 8 ló wà.

Èmi náà fọkàn tán yín. Ohun tí mo ń béèrè ni pé, ẹni mélòó ló kà á?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kíkà, nítorí ọ̀pọ̀ yín ló rò pé ẹni tó bá ti mọ ìṣirò ti mọ ọ́n. Kí ẹni méjì gbé àpò ọrẹ láti iwájú pẹpẹ dé yàrá, ẹsẹ̀ kan náà, kí wọ́n má yà síbì kankan. Ẹni mẹ́ta ni kó kéré jù nídìí tábìlì. Kí tọkọtaya má jọ kà, kí ọmọ ìyá méjì má jọ kà. Kò sí pọ́ọ̀sì lórí tábìlì, fóònù ń bẹ níta, ẹni tó wọ agbádá á bọ́ ọ. Ilẹ̀kùn á ṣí sílẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ṣà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láti ₦1,000 dé ₦5, kí gbogbo wọn kọjú síbì kan. Àwọn owó kékeré, ₦50 wálẹ̀, ibẹ̀ ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Owó onírọ́bà ni wọ́n, bí òógùn bá mú wọn wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, méjì á di ọ̀kan. Àwọn màmá wa tún máa ń ká owó wẹ́wẹ́ sínú ara wọn, ₦20 á wà nínú ikùn ₦50. Ẹ tú gbogbo rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ nà án kí ẹ tó kà. Ìdì kan jẹ́ ọgọ́rùn-ún ẹyọ: ti ₦200 jẹ́ ₦20,000, ti ₦50 jẹ́ ₦5,000. Ẹni àkọ́kọ́ á kà, kò ní sọ iye tó rí. Ẹni kejì á tún kà, ọ̀kọ̀ọ̀kan á kọ tirẹ̀ sórí ìwé péńpé, ẹni kẹta ló máa gbé ìwé méjèèjì síra. Bí ẹnì kan bá ti pariwo iye, ẹni kejì ò kà mọ́, iye tó gbọ́ ló máa bá níbẹ̀. Mo ti rí i kí ìdì ẹyọ méjìdínlọ́gọ́rùn-ún kọjá lọ́wọ́ ẹni méjì báyìí, báǹkì ló wá mú un.

Owó tó ya, ẹ yà á sọ́tọ̀, báǹkì á gbà á. Ayédèrú owó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ má fi owó àpò yín dí i.

Bírò lẹ ó fi kọ ọ́, ní fígọ̀ àti ní ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ṣì í kọ, ẹ fa ìlà kan sí i, kí ohun tó wà lábẹ́ ṣì ṣeé kà, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ má ya ewé kankan nínú ìwé náà. Rìsíìtì tó bàjẹ́, ẹ fa ìlà sí i, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kí nọ́ńbà má baà fò.

Ẹ sì gbọ́ èyí dáadáa. "Bàbá, ẹ bá mi yọ ₦5,000 níbẹ̀ fún epo jẹnẹrétọ̀." Kò sí! A kò gbọdọ̀ ná kọ́bọ̀ nínú ọrẹ kí ó tó dé báǹkì. Ohun tó bá wọlé gbọ́dọ̀ bá ìwé báǹkì mu délẹ̀. Bí ẹ bá ti yọ epo lónìí, ẹ ó yọ omi lọ́la, tó bá dọ̀túnla kò ní sẹ́ni tó mọ iye tí Ọlọ́run fún wa mọ́. Owó ìnáwó kékeré wà lọ́tọ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé, rìsíìtì la fi ń gbà á.

Àpótí tí a ń tì mọ́jú ọjọ́ Ajé á tún ní kọ́kọ́rọ́ méjì. Ẹni méjì ni yóò gbé owó lọ sí báǹkì, tẹ́là tí wọ́n bá gbà bọ̀, ẹ fi pín-ìn-nì mọ́ ojú ìwé ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ní ti tránsífà, àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ìjọ nìkan, tí ẹni méjì ń fọwọ́ sí. Mo ti ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ gàdàgbà sára ògiri ẹnu ọ̀nà, kí ẹnì kankan má tún rí àwáwí. Ẹ má fi aláàtì orí fóònù ṣe ẹ̀rí, ayédèrú aláàtì ti pọ̀ nígboro, inú àkáǹtì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ẹ sọ fún ẹni tó ń san án kó kọ ohun tó wà fún, bóyá ìdámẹ́wàá ni tàbí owó opó. Bí oṣù bá parí, kí akọ̀wé gba ìwé ìṣirò láti báǹkì, kí ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé wa ní ìlà dé ìlà. ₦50 ìjọba lórí owó tó bá tó ₦10,000 tí ìjọ fi ránṣẹ́ náà wà níbẹ̀, àti owó tí báǹkì ń gbà. Ẹ kọ wọ́n lọ́tọ̀, wọ́n máa ń da ìṣirò rú.

Nípa ti ọmọ wa. Ó ti wá síwájú àwọn alàgbà, ó ti fọwọ́ sí ìwé pé òun á máa san án díẹ̀díẹ̀. Kò ní fọwọ́ kan owó ìjọ mọ́, òun náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó padà sídìí ìlù rẹ̀. Mo rí ẹni tó gbé fọ́tò rẹ̀ sórí Facebook, kí ẹni náà yọ ọ́ kúrò lónìí olónìí. Ẹ máa lọ kí i ní méjì méjì, ẹ bá a yọ tẹ́tẹ́ yẹn kúrò lórí fóònù rẹ̀, ẹ máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní tààràtà bóyá ó tún ta á. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀fọ́ ní Ọjà Ọba, ó ti ń fi ojú pamọ́ fún wa. Ẹ lọ ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹ ṣe ń rà á tẹ́lẹ̀, kí ẹ dúnàá-dúrà pẹ̀lú.

Ẹni yòówù nínú yín tí owó ìjọ ṣì wà nínú àkáǹtì rẹ̀ ní bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ì báà ṣe ₦500 owó aṣọ akọrin, kí ó san án wọlé kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Bí ó bá ti dín, kí ó wá bá mi nílé. Mi ò ní pariwo. Ọmọ yẹn ì bá ti wá bá mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, a ì bá ti jọ wá nǹkan ṣe sí i.

Mo ń fẹ́ ẹni mẹ́fà tí yóò máa ka ọrẹ, mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ kan, mẹ́ta fún èkejì, kí ó kéré tán méjì nínú wọn jẹ́ obìnrin. Ẹ kọ orúkọ yín fún akọ̀wé kó tó di ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú. Ìjọ ti ra ìwé tuntun, rọ́bà ìdì owó náà wà. Ẹ mú bírò yín dání.

Èmi ni bàbá yín nínú Olúwa,
Òṣogbo.