Lẹ́tà gbangba sí àwọn aláṣẹ Èkó: ta ló ń pín yàrá nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n?

Sí Ọlọ́lá Jùlọ, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó. Sí Kọmíṣọ́nà fún Ètò Ìdájọ́. Sí Adájọ́ Àgbà Ìpínlẹ̀ Èkó. Àti sí ọ̀gá tó ń ṣàkóso àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba àpapọ̀ ní Èkó.

Ẹ̀yin àgbà wa,

Àwa ọmọ ẹgbẹ́ Yorùbá tí a ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, tí púpọ̀ nínú wa jẹ́ ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, Mushin, Ṣómólú àti Agége, kí yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀. A kò kọ ìwé yìí láti bẹ̀bẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé wa wá síwájú yín: nígbà tí Bláàkì Máríà bá já ènìyàn sílẹ̀ lẹ́nu géètì Ìkòyí tàbí Kírìkírì, ta ló ń pinnu yàrá tí yóò sùn, kí sì ni ẹni náà ń wò kí ó tó pinnu?

Ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wa ló mú kí ìbéèrè yìí wọ̀ wá lára. Àwọn agbófinró kó o lálẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú àwọn mìíràn tó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò rẹ̀, wọ́n ní ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ni gbogbo wọn, ilé ẹjọ́ sì ní kí wọ́n fi í sí àtìmọ́lé títí ẹjọ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ọgbà ẹ̀wọ̀n, kò sí òṣìṣẹ́ tó bi í ju orúkọ àti ẹ̀sùn lọ. Ẹlẹ́wọ̀n tó jẹ́ olórí àwọn yòókù, tí wọ́n ń pè ní Jẹ́nẹ́rà, ló fi àyè hàn án, iye tí àwọn ará ilé rẹ̀ sì lè san ló sọ bí àyè náà ṣe fẹ̀ tó. Oṣù mẹ́jọ ló fi bá àwọn tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ní tòótọ́ sùn. Ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀ nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n àwọn tó bá sùn ti mọ orúkọ àti ojúlé rẹ̀, wọ́n sì wá a délé.

Kì í ṣe pé a fẹ́ fi ìlú òyìnbó fọ́nnu fún yín. Àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n ibí náà kún dé góńgó, débi pé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lo ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò tí wọ́n dá fún wọn. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sì fi kọ́ ọgbọ́n tí wọ́n ní lórí pípín yàrá. Ní oṣù kejì ọdún 2000, ní Feltham, ọgbà tí wọ́n ń kó àwọn ọ̀dọ́ sí ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fi ọmọ ọdún 19 kan, Zahid Mubarek, sí yàrá kan náà pẹ̀lú Robert Stewart, ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ kún fún ìkórìíra àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ará Éṣíà. Ní oṣù kẹta, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó yẹ kí Mubarek lọ sílé, ni Stewart fi ẹsẹ̀ tábìlì lù ú, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Keith darí gbé àbọ̀ jáde ní ọdún 2006, ó sì fi hàn pé àmì ewu wà nínú fáìlì káàkiri, àmọ́ kò sí ẹni tó kó wọn jọ kí ó tó ti ilẹ̀kùn.

Lónìí, ní ìlú òyìnbó níhìn-ín, kí wọ́n tó ti ẹni tuntun mọ́ inú yàrá pẹ̀lú ẹlòmíràn ní alẹ́ àkọ́kọ́, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ wò bóyá ó ti hùwà ipá rí nínú àhámọ́, bóyá ìkórìíra ẹ̀yà wà nínú ẹ̀sùn rẹ̀, àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ náà. Yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò fọwọ́ sí i, wọn yóò sì tún un yẹ̀ wò bí ọ̀rọ̀ tuntun bá jáde. Ẹni tí ewu rẹ̀ bá ga kì í sábà bá ẹnikẹ́ni sùn. A mọ̀ pé wọ́n ṣì ń ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n bí àṣìṣe bá wáyé, ìwé wà, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sì wà níbẹ̀.

Ní Èkó, ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé kò sí àyè. Òótọ́ ni. Ènìyàn 800 ni wọ́n kọ́ ọgbà Ìkòyí fún, àwọn tó wà níbẹ̀ sì lé ní 3,000 ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, nígbà tí iná mànàmáná pa ẹlẹ́wọ̀n márùn-ún nínú yàrá kan. Síbẹ̀, kò sí bí ilé ṣe lè kún tó tí a kò ní yan yàrá fún ẹni tuntun. Bí wọ́dà kò bá yàn án, Jẹ́nẹ́rà yóò yàn án, kò sì sí fáìlì lọ́wọ́ tirẹ̀. Òfin ọdún 2019 tó yí orúkọ àjọ tó ń ṣàkóso ọgbà ẹ̀wọ̀n padà ti sọ ní abala 12 pé kí ọ̀gá ọgbà fi tó àwọn aláṣẹ létí láàárín ọ̀sẹ̀ kan bí ilé bá ti kún kọjá ààlà, ó sì fún un láṣẹ pẹ̀lú ọ̀gá àjọ náà ní ìpínlẹ̀ láti kọ̀ láti gba ẹni tuntun. A kò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni lo àṣẹ náà.

Àwọn ìlànà Mandela tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní ọdún 2015 ní kí ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì parí má bá ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi gbé, kí ọmọdé má bá àgbà gbé, àti pé bí ènìyàn bá máa sùn pọ̀ nínú gbọ̀ngàn, kí a fara balẹ̀ yan àwọn tó lè bá ara wọn gbé. Ti ọmọdé ń bà wá lọ́kàn jẹ́ jù, nítorí ọjọ́ orí tí wọ́n bá kọ ní àgọ́ ọlọ́pàá ló sábà máa ń bá ọmọ dé géètì. Bí ọmọ bá ní òun kò tíì pé ọdún 18, ẹ jẹ́ kí wọ́n yà á sọ́tọ̀ títí ẹ̀rí yóò fi dé, dípò kí wọ́n kó o pọ̀ mọ́ àgbà títí ẹ̀rí yóò fi dé.

Ní ti ẹgbẹ́ òkùnkùn, ẹ ṣọ́ra. A kò fẹ́ kí wọ́n so orúkọ ẹgbẹ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn nítorí ohun tí ọlọ́pàá kọ. Ohun tí a ń bèèrè ni pé kí òṣìṣẹ́ mú ẹni tuntun wọ kọ̀rọ̀, jìnnà sí àwọn tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kí ó sì bi í ní èdè tó gbọ́, ìbáà jẹ́ Yorùbá, Ẹ̀gùn, Haúsá tàbí pijin: ‘Ǹjẹ́ ẹnì kan wà nínú ọgbà yìí tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà ọ́?’ Bí wọ́n bá béèrè èyí lójú àwọn yòókù, ìdáhùn fúnra rẹ̀ lè pa á.

Láti oṣù kẹta ọdún 2023 ni àtúnṣe òfin orílẹ̀-èdè ti fún ìpínlẹ̀ láyè láti ní ọgbà ẹ̀wọ̀n tirẹ̀. Olóyè Gómìnà, bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ́ gbọ̀ngàn ńláńlá, nítorí inú yàrá kéékèèké nìkan ni a ti lè ya ènìyàn sọ́tọ̀. Kí ẹ sì ya ìhà kan sílẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, níbi tí wọn yóò wà títí a ó fi mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ń ṣiṣẹ́ wọ́dà níhìn-ín, wọ́n sì ti ṣe tán láti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yín bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé alẹ́ àkọ́kọ́ yìí, láìgba kọ́bọ̀.

Adájọ́ Àgbà, nígbà tí ẹ bá tún lọ sí Kírìkírì láti tú àwọn tí ẹjọ́ wọn ti pẹ́ jù sílẹ̀, a bẹ̀ yín kí ẹ mú orúkọ mẹ́wàá nínú ìwé àwọn tó wọlé lọ́sẹ̀ náà, kí ẹ sì bèèrè orúkọ òṣìṣẹ́ tó yan yàrá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn.

Akọ̀wé ẹgbẹ́,
ní orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, Lọ́ńdọ̀nù.