Àkànní, Fi Ọjọ́ Méjì Lọ sí Käsmu

Àkànní ọkọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Mo gbọ́ pé iṣẹ́ lo tún fẹ́ fi gbogbo ìsinmi ìgbà ooru ṣe ní Tallinn, olú-ìlú Estonia tí o wà. Owó dára, mi ò ní kí o má wá a. Ṣùgbọ́n yọ ọjọ́ méjì sílẹ̀, kí o lọ sí Käsmu, abúlé etíkun tí ọ̀rẹ́ rẹ mú mi lọ nígbà tí mo wá kí ọ, tí ìwọ ní ọwọ́ rẹ dí.

Inú Lahemaa ló wà, igbó tí ìjọba ti ń dáàbò bò láti ọdún 1971. Òkúta ni wàá kọ́kọ́ rí, ràbàtà-ràbàtà láàárín igi. Láyé ọjọ́un, yìnyín tó bo gbogbo agbègbè yẹn ló wọ́ wọn wá láti ilẹ̀ Finland. Nígbà tó yọ́, ó fi wọ́n síbẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, òkúta ò ṣàjèjì sí mi, ṣùgbọ́n Olúmọ ò rìnrìn àjò rí.

Àgbẹ̀ wo ni yóò là lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀? Òkun ni àwọn ará Käsmu yíjú sí. Lọ́dún 1884, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn atukọ̀ sílẹ̀ lábúlé kékeré yìí, ó sì wà títí di 1931. Ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ ló di ọ̀gá ọkọ̀ òkun, tí wọ́n fi ń pe Käsmu ní abúlé àwọn kápítéènì títí dòní.

Rí i pé o dé mùsíọ̀mù òkun. Ilé àwọn ẹ̀ṣọ́ ibodè Soviet, ìjọba tó ń ṣàkóso Estonia nígbà náà, ni tẹ́lẹ̀. Láyé wọn, àlejò ò gbọdọ̀ dé etíkun yẹn láìgba ìwé àṣẹ, apẹja pàápàá ò lè gbé ọkọ̀ rẹ̀ sójú omi bó ṣe wù ú. Ọmọ àwọn ọ̀gá ọkọ̀, òkun wà lẹ́yìnkùlé wọn, wọn ò lè wọ̀ ọ́! Èyí ká mi lára ju òkúta lọ. Bí àgbàlagbà kan bá fẹ́ sọ ọ́ fún ọ, fetí sílẹ̀, má na fóònù sí i lójú. Sọ "Tere", ìkíni wọn, fún ẹni tí o bá pàdé. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá kúrú, kì í ṣe ìgbéraga, bí wọ́n ṣe rí nìyẹn.

Eégbọn wà nínú igbó o! Ó ń kó àrùn tó ń mú ọpọlọ ran èèyàn. Bi dókítà nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ṣáájú, wọ ṣòkòtò gígùn, kí o sì yẹ ara rẹ wò lálẹ́. Mú ọ̀rẹ́ rẹ dání, mi ò fẹ́ gbọ́ pé ìwọ nìkan ń gun òkúta kiri.

Bàbá rẹ ń kí ọ.

Èmi ni,
Màmá rẹ